Porsche Boxster 2003 yìí, ṣé kí n sanwó àsansílẹ̀ lálẹ́ yìí?

Ọmọ Ìlódè (Croydon): Ẹ̀yin ará ilé, ọmọ Ifẹ̀ àti ọmọ Ìjẹ̀ṣà, ẹ gbà mí o. Boxster 2.7, ọdún 2003, máìlì rẹ̀ ò tíì pé 80,000. Onímọ́tò ní ẹlòmíì ń bọ̀ wá wò ó láago mẹ́sàn-án àárọ̀ ọ̀la, pé tí mo bá fi £500 ránṣẹ́ lálẹ́ yìí, òun á fi í dè mí. Àdírẹ́sì inú lógúbúùkù yàtọ̀ sí ibi tó ní kí n wá bá òun. Àwọn kan tún ní ẹ́ńjìnnì rẹ̀ máa ń ṣàdédé fọ́. Kí ni kí n ṣe?

Bọ̀dá Ìsọ̀kùn (Manchester): Àbúrò, fara balẹ̀. Ohun tí wọ́n ń bẹ̀rù ni IMS. Bíárìn kékeré kan ni, ẹ̀yìn kílọ́ọ̀ṣì ló wà. Tó bá ti jẹ, ṣéènì tó ń darí fáàfù á yẹ̀, fáàfù á lu písítìn, ẹ́ńjìnnì lọ nìyẹn. Ti 2001 sí 2005 ni wọ́n ń sá fún jù. Láti 2006 wọ́n fi èyí tó tóbi sí i, ṣùgbọ́n ìyẹn ò ṣeé yọ àfi tí wọ́n bá tú ẹ́ńjìnnì sí méjì. Láti 2009, kò sí i nínú ẹ̀ mọ́. Bi í pé: ṣé wọ́n ti pààrọ̀ kílọ́ọ̀ṣì? Ṣé wọ́n pààrọ̀ bíárìn lọ́jọ́ náà? Rìsíìtì dà? Gíábọ́ọ̀sì gbọ́dọ̀ sọ̀ kalẹ̀ kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ èyíkéyìí nínú méjèèjì. Ẹni tó bá ṣe kílọ́ọ̀ṣì tó fi bíárìn sílẹ̀ á tún san owó iṣẹ́ kan náà lẹ́ẹ̀kejì.

Ìyá Ẹrẹ́jà (Birmingham): Ọ̀rọ̀ ìwé ló kàn mí ní tèmi. V5C, ìyẹn lógúbúùkù, kì í ṣe ẹ̀rí pé èèyàn ló ni mọ́tò, wọ́n kọ ọ́ sára ẹ̀ gàdàgbà. Ilé tó wà nínú ìwé ni kó ti fi mọ́tò hàn ẹ́, ọmọ mi. Nọ́ńbà ṣáásí tó hàn nísàlẹ̀ gíláàsì iwájú, fi wé ti inú ìwé ní létà-létà. Lọ sórí gov.uk, tẹ nọ́ńbà mọ́tò síbẹ̀, àkọsílẹ̀ MOT rẹ̀ (àyẹ̀wò ọdọọdún) á jáde lọ́fẹ̀ẹ́, pẹ̀lú iye máìlì tó wà lórí ẹ̀ nígbà kọ̀ọ̀kan. Máìlì tó bá lọ sókè tó tún wálẹ̀, má tún pe onítọ̀hún mọ́. Kó o tó sanwó kankan, ṣe àyẹ̀wò HPI: á sọ fún ẹ bóyá gbèsè wà lọ́rùn mọ́tò, bóyá wọ́n jí i, bóyá ó ti gbá nǹkan rí. Tí wọ́n bá kọ Cat S sí i, jàǹbá náà kan egungun ẹ̀. Cat N, kò kan egungun.

Ọmọ Ìlódè (Croydon): Ẹ ṣeun, Màmá. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ fi fọ́tò rìsíìtì ránṣẹ́. Kílọ́ọ̀ṣì tuntun, 2019. Kò dárúkọ bíárìn rárá. Ṣé kí n ṣì lọ?

Ọmọ Mayfair (Glasgow): Tó o bá lọ, tó o débẹ̀ tí ẹ́ńjìnnì ti gbóná, ẹ̀yìn ni kó o padà. Ó ní ohun tó ń fi pamọ́.

Ọmọ Ọbòkun (Luton): Rárá o, kì í ṣe gbogbo mọ́tò nìyẹn. Mazda RX-8 tí ọ̀kan lára wa fẹ́ẹ́ rà lóṣù tó kọjá, tútù ló ṣe bẹbẹ, ìgbà tó gbóná ni àṣírí tú. Ẹ́ńjìnnì rótárì ni. Wà á títí á fi gbóná dáadáa, pa á, dúró bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kó o wá tún un ṣí. Tó bá ń wúkọ́ lọ títí kó tó mú, agbára ti tán nínú ẹ̀, ẹ́ńjìnnì tuntun ló máa gbà.

Ọmọ Mayfair (Glasgow): Boxster la ń sọ níbí, kì í ṣe RX-8. Boxster, òtútù àárọ̀ ló ń tú u fó. Ṣéènì tó bá dún ṣẹkẹṣẹkẹ fún ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀ tó sì dákẹ́, kò burú. Èéfín díẹ̀ tó jáde lẹ́ẹ̀kan náà, kò burú, torí pé ẹ́ńjìnnì ẹ̀ dùbúlẹ̀ ni, ọ́ìlì máa ń rọra ṣàn wọ sílíńdà tó bá sùn mọ́jú. Èéfín funfun tó bá ń tú lala tí kò dáwọ́ dúró ni ìjọ̀gbọ̀n. Onímọ́tò tó bá ti yá a kó o tó dé ti gba gbogbo ẹ̀rí yìí lọ́wọ́ ẹ.

Bọ̀dá Ìsọ̀kùn (Manchester): Ẹ̀yin méjèèjì lẹ gbà á. Àtòtútù àtigbígbóná, ẹ wò ó. Kó o tó kí onímọ́tò tán, fọwọ́ kan ẹnu sàlẹ́ńsà. Boxster ò ní bọ́nẹ́ẹ̀tì tó o máa ṣí wo ẹ́ńjìnnì, ẹ̀yìn àga ló wà, torí náà ibẹ̀ nìkan lọwọ́ ẹ ti lè mọ̀. Tó bá gbóná, sọ fún un pé wàá padà wá lọ́la, kó má fọwọ́ kan kọ́kọ́rọ́. Tó bá gbà kí mẹkáníìkì tú fílítà ọ́ìlì, kí wọ́n gé e, kí wọ́n na bébà inú ẹ̀ sábẹ́ tọ́ọ̀ṣì. Tí irin wẹ́wẹ́ bá ń dán yinrinyinrin nínú ẹ̀, máa lọ sílé.

Ọmọ Ọbòkun (Luton): Mo gbà. Ṣùgbọ́n kí ẹni tó ń wo RX-8 gbọ́ eléyìí náà: ó ń jó ọ́ìlì, bí wọ́n ṣe ṣe é nìyẹn, ẹ máa wo dípísítíìkì ní gbogbo ìgbà kejì tẹ́ ẹ bá ra epo. Ẹ má ṣí i tútù kẹ́ ẹ fi sún un kúrò lẹ́nu ọ̀nà kẹ́ ẹ tún pa á lójú ẹsẹ̀, epo á kún un, kò ní ṣí mọ́. Ẹ wo ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ fi orúkọ ẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú. Èyí tó bá jẹ́ 23 oṣù kẹta 2006 tàbí lẹ́yìn ẹ̀, owó-orí ojú pópó ẹ̀ ga gan-an ju ti èyí tó ṣáájú ẹ̀ lọ, mọ́tò kan náà o.

Ìyá Ẹrẹ́jà (Birmingham): Kí ló dé tẹ́ ẹ ò sọ fọ́mọ yìí kó ra Mazda MX-5?

Ọmọ Ìrẹ̀mọ (Leeds): MX-5 dáa, Màmá, ìpẹtà ni ọ̀tá ẹ̀. Ihò kan wà lẹ́yìn àga níbi tí omi òrùlé ń gbà jáde. Ewé á dí i, omi á sì dúró sínú irin ẹ̀gbẹ́ nísàlẹ̀ ilẹ̀kùn. Da omi ife kan síbẹ̀: tí kò bá ṣàn síta lábẹ́ mọ́tò níwájú táyà ẹ̀yìn, ó ti dí. Mú mágínẹ́ẹ̀tì dání. Ibi tí kò bá ti lẹ̀ mọ́ra, pọ́tì ni wọ́n fi dí i, ọ̀dà tuntun ló ń tàn ẹ́. Ẹ má fojú fo Toyota MR2 Roadster tí wọ́n ṣe ṣáájú 2003 náà. Nǹkan kan bí afárá oyin wà nínú sàlẹ́ńsà iwájú ẹ̀, ó máa ń rún, ẹ́ńjìnnì á sì fà á padà, á ha sílíńdà. Kí wọ́n yọ sẹ́ńsọ̀, kí wọ́n tan iná wò ó.

Ọmọ Ọbòkun (Luton): Kí ọmọ Croydon tẹ nọ́ńbà mọ́tò yẹn sórí ìkànnì TfL, àjọ ìrìnnà London, o. Láti 29 oṣù kẹjọ 2023 ni ULEZ, owó tí wọ́n ń gbà lórí èéfín mọ́tò ní London, ti dé ọ̀dọ̀ wọn. Mọ́tò tí kò bá yege, £12.50 lóòjọ́. Ti pẹtiróòlù láti 2006 máa ń yege, èyí tó bá ti dàgbà jùyẹn, ọ̀kọ̀ọ̀kan là ń yẹ̀ ẹ́ wò.

Bọ̀dá Ìsọ̀kùn (Manchester): Ẹ wá sí Manchester, ọ̀fẹ́ la ń rìn.

Ìyá Ẹrẹ́jà (Birmingham): Àti òjò.

Ọmọ Mayfair (Glasgow): Tó bá dọ̀rọ̀ nínájà, ẹ fún Ìjẹ̀ṣà. Òṣómàáló á lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onímọ́tò títí owó á fi wálẹ̀.

Bọ̀dá Ìsọ̀kùn (Manchester): A ó lóṣòó dáadáa! Ìṣirò la fi ń nájà. Táyà méjì tó ti jẹ, iye kan. Díìsì búréèkì, iye kan. Rédíétọ̀ Boxster wà ní igun iwájú méjèèjì, ewé máa ń há síbẹ̀, á jẹra, oníéàkọ́n á máa jò: iye kan. Kọ ọ́ sínú bébà, gbé e fún un, má sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ẹ̀yin Ifẹ̀, ẹ ó ní orírun ni yín, ẹ ó sì san iye tó pè.

Ọmọ Ìrẹ̀mọ (Leeds): Ibi ojúmọ́ ti ń mọ́ wá, Bọ̀dá, ibẹ̀ náà ni ọgbọ́n ti wá. Ṣùgbọ́n ṣé ẹ̀dá lè fi irú mọ́tò yìí ránṣẹ́ sílé tó bá yá? Ó wù mí kí n fi gba Òṣú dé Iléṣà.

Ọmọ Ọbòkun (Luton): Sítárínì ọwọ́ ọ̀tún! Láti 2 oṣù kẹrin 1972 la ti ń wakọ̀ lápá ọ̀tún nílé, wọn ò ní jẹ́ kó wọlé. Ká tiẹ̀ ní ó wọlé, abẹ́ ẹ̀ ti sún mọ́lẹ̀ jù fún kòtò wa.

Ọmọ Mayfair (Glasgow): Èmi ò fẹ́ mọ́tò mọ́, ìyán ló ń ṣe mí. Ìyán Iléṣà, mo jẹ́wọ́ fún yín lónìí.

Ìyá Ẹrẹ́jà (Birmingham): Ó yá, gba èyí. Iṣu Gánà, kì í ṣe ìyẹ̀fun inú páálí. Sè é kó rọ̀, dà á sínú ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń po kéèkì, ọwọ́ rẹ̀ tó rí pẹlẹbẹ ni kó o fi sí i. Jẹ́ kó rọra yí títí kókó á fi tán, kó o tó máa ta omi gbígbóná sí i díẹ̀díẹ̀.

Ọmọ Mayfair (Glasgow): Iyọ̀ ńkọ́, Màmá?

Ìyá Ẹrẹ́jà (Birmingham): Iyọ̀ nínú ìyán? Ọmọ Ifẹ̀ ni ẹ́ lóòótọ́.