Ṣé èébú ni "duck" tí wọ́n ń pè mí ni?

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ jọ̀ọ́ ẹ dá sí ọ̀rọ̀ yìí. Nottingham ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì là ń gbé, ọkọ mi ò tíì pé oṣù méjì tó dé bá mi. Lánàá bá a ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì, dírẹ́bà ní "ta, me duck" (ìyẹn "o ṣé, duck mi"), ni ọkọ mi bá ní ṣé ìyàwó òun ló jọ pẹ́pẹ́yẹ? A dé ṣọ́ọ̀bù, bàbá tó ń gbowó tún ní "darling". Látìgbà yẹn kò bá mi sọ̀rọ̀ dáadáa mọ́. Kí ni kí n sọ fún un?

Ìyá Ìbejì: Hahaha! Mo gbé Derby rí, ọkùnrin sí ọkùnrin gan-an ń pera wọn ní duck. Tẹ́ ẹ bá dé Glasgow ní Scotland ńkọ́, adìyẹ ni wọ́n á pè yín, "hen".

Tíṣà Àgbà: Duck yẹn ti pẹ́, Shakespeare ti fi pe olólùfẹ́ nínú eré tó kọ ní nǹkan bí 1595, àwọn kan ní oyè duke ló ti wá àmọ́ èmi ò gbà, ẹyẹ náà ni jàre. Darling ló wù mí jù, inú "dear" ló ti jáde. Dear yìí sì bá tiwa mu gan-an, ẹ wò ó, a máa ń ní ọjà wọ́n, a tún máa ń ní ọ̀wọ́n mi, bẹ́ẹ̀ náà lòyìnbó ṣe ń lò ó. Honey náà, láti ayé Chaucer, akéwì Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́, ni wọ́n ti ń fi oyin pe olólùfẹ́, ó lé ní 600 ọdún.

Ọmọ Ìjẹ̀bú: Èmi wà lẹ́yìn ọkọ o. Tó bá jẹ́ gbogbo èrò bọ́ọ̀sì ló ń pè bẹ́ẹ̀, kò burú. Tó bá jẹ́ ìwọ nìkan, wọ bọ́ọ̀sì míì.

Àdùkẹ́: Ẹ bi í léèrè, ìyá oníbọ̀ọ̀lì tó ń pè é ní "ọkọ mi" ní Ìbàdàn, ọjọ́ wo ló san owó orí rẹ̀?

Ẹni tó béèrè: Àdùkẹ́ ẹ ṣé, ọ̀rọ̀ bọ̀ọ̀lì yẹn ló pa á lẹ́rìn-ín. Àárọ̀ yìí ló lọ ra mílíìkì, ó dé, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní wọ́n pe òun náà ní duck. Èmi ló wá kù tí mo fẹ́ mọ ẹni tó pè é.