Mo ti rí májèlé ìtàn mi
Ẹ kú àfojúsọ́nà o. Mo béèrè lọ́jọ́sí ohun tó lè pa oníbàárà nínú ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tí mò ń kọ, ti ṣọ́ọ̀bù ọtí kan l'Ọ́jà Ọba, Àkúrẹ́. Oògùn eku ni mo fẹ́ lò tẹ́lẹ̀ (ẹ má rẹ́rìn-ín). Ẹni tó rán mi létí Òde-Ìrèlè, ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó, níbi tí àwọn èèyàn ti ṣàdédé ń kú lọ́dún 2015, ló tú mi sílẹ̀. Àwọn kan ní òrìṣà ló ń bínú nígbà yẹn. Àyẹ̀wò ní mẹtánọ́ọ̀lù (irú ọtí olóró kan tí kì í ṣe mímu) inú ògógóró ni. Oró rẹ̀ kì í sábà hàn lójú ẹsẹ̀, ó lè tó wákàtí 12 sí 24. Oníbàárà mi ti délé, ó ti sùn jí, kó tó ké pé òun ò ríran mọ́. Ta ló po ọtí náà? Ẹ ò ní gbọ́ ọ lẹ́nu mi. Mo ti kọ orí tó kẹ́yìn, ìbéèrè mi ti parí.