Sáfà tuntun ń ṣiṣẹ́ dáadáa, àwọn kọ̀ǹpútà tó kù ni ò lè wọlé sí i

Ọmọ Ìdí-Àpé:
Ẹ̀yin ọ̀gá mi, ẹ gbà mí o. Ṣọ́ọ̀bù kan ní Tánkẹ̀ ni mo bá ṣiṣẹ́, kọ̀ǹpútà mẹ́rin ló wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, a wá ra ìkarùn-ún láti fi ṣe sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà tí àwọn tó kù á ti máa mú àkọsílẹ̀, Windows 10 ni, mo fi SQL Server Express (ibi tí àkọsílẹ̀ ń wà) àti sọ́fítíwíà tí wọ́n fi ń tajà sórí ẹ̀. Lórí sáfà fúnra ẹ̀ kò sí wàhálà rárá, àmọ́ tí n bá dé ìdí àwọn tó kù, á kàn máa yí ni, á yí á yí, ó di kó ní òun ò rí sáfà. Èyí tó wá rú mi lójú, mo ping méjì tó wà nítòsí láti orí sáfà, ìyẹn ni pé mo pè wọ́n wò bóyá wọ́n wà, wọ́n dáhùn, àmọ́ táwọn bá ping òun, kò sí ìdáhùn. Mo ti yọ sọ́fítíwíà yìí tí mo tún un fi sí ẹ̀ẹ̀mejì. Alhája tó ni ṣọ́ọ̀bù ti ń wò mí bí ẹni tó kówó ẹ̀ jẹ.

Bàbá Wáyà:
Àbúrò, fi sọ́fítíwíà sílẹ̀ ná, kò ṣẹ̀ ẹ́. Tẹ ipconfig nínú cmd (ojú ibi tí wọ́n ti ń tẹ àṣẹ) lórí gbogbo wọn, kó o kọ nọ́ńbà IP wọn, ìyẹn àdírẹ́sì wọn lórí nẹ́tíwọ̀kì, sórí ìwé. Èyí tó bá fi 169.254 bẹ̀rẹ̀, ìyẹn ò rí nọ́ńbà gbà lọ́wọ́ ráútà tó ń pín in ni, Windows ló fún ara ẹ̀ ní ti ọwọ́ ẹ̀, wáyà ni kó o kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Ọjọ́ méjì gbáko la fi bá Windows jà ní Ọ̀fà níjọ́ kan, àṣé eku ló ti jẹ wáyà lẹ́yìn káńtà.

Ọmọ Ìdí-Àpé:
Ha! Ọ̀kan jẹ́ 169.254 lóòótọ́. Sáfà jẹ́ 192.168.0.103, àwọn méjì tó ń dáhùn náà 192.168.0 ni. Ìkẹrin ni 192.168.8.101, àmọ́ ó ń gba íntánẹ́ẹ̀tì dáadáa o, ìyẹn ni mi ò ṣe fura sí i.

Ìyá Dátà:
192.168.8 yẹn, ó jọ pé orí MiFi, íntánẹ́ẹ̀tì alágbèéká, ló wà. Agboolé ọ̀tọ̀ ni, kò lè rí sáfà láéláé, ẹ kúkú fi wáyà so ó mọ́ àwọn tó kù. Àwọn méjì tó kù, fáyàwọ́ọ̀lù sáfà, ìyẹn olùṣọ́ ẹnu ọ̀nà ẹ̀, ló ń dí wọn lọ́nà, Windows sábà máa ń ka nẹ́tíwọ̀kì tuntun sí Public, kì í sì í dá àlejò lóhùn níbẹ̀. Ẹ yí i sí Private. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má pa fáyàwọ́ọ̀lù pátápátá o, mo mọ àwọn tó ṣe bẹ́ẹ̀ tí wọn ò rántí tàn án mọ́ títí dòní.

Ó ku kan. SQL Server Express, pípa ni TCP/IP ẹ̀, ọ̀nà tí kọ̀ǹpútà mìíràn fi ń bá a sọ̀rọ̀, máa ń wà látilẹ̀. Ẹ ṣí SQL Server Configuration Manager, ẹ tàn án, ní IPAll ẹ pa ohun tó wà ní TCP Dynamic Ports rẹ́, ẹ kọ 1433 (nọ́ńbà ẹnu ọ̀nà ẹ̀) sí TCP Port, kẹ́ ẹ wá tún sáfíìsì ẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ẹ ṣí 1433 nínú fáyàwọ́ọ̀lù náà. Ẹ wá lọ sórí kọ̀ǹpútà mìíràn, nínú PowerShell, ẹ tẹ Test-NetConnection 192.168.0.103 -Port 1433. Tó bá ti kọ TcpTestSucceeded : True, ọ̀nà ti là nìyẹn. Kọ́mà lẹ máa fi sáàárín IP àti 1433 nínú sọ́fítíwíà o, kì í ṣe kólọ̀nù.

Bàbá Wáyà:
Ìyá Dátà ti sọ ọ́ tán. Kó o tó kúrò níbẹ̀ ṣá, fún sáfà yẹn ní nọ́ńbà tí ò ní yí padà, torí ìgbàkigbà tí NEPA bá mú iná lọ tí ráútà kú tó tún jí, ó lè pín òmíì fún un, wọ́n á sì tún pè ẹ́.

Ọmọ Ìdí-Àpé:
Ó ti ń ṣiṣẹ́ o, gbogbo wọn! Orí wáyà ló ti já lára èyí tó ń mú 169.254, mo fi irinṣẹ́ tẹ orí tuntun mọ́ ọn. Mo ti sọ sáfà di 192.168.0.10, kò sí nínú èyí tí ráútà ń pín. Ẹ ṣeun gan-an mà, ẹ ṣé bàbá. Ti MiFi yẹn, ọmọ tó ń jókòó nídìí ẹ̀ ló ni ín, fíìmù ló fi ń wò, ó ti bẹ̀ mí pé kí n má jẹ́ kí Alhája gbọ́.