Áńtẹ́nà tàbí kọ̀ǹpútà: èwo ni kí n kọ́kọ́ fi kọ́ àwọn ọ̀dọ́?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà onírédíò. Téèpù táwọn káfíńtà fi ń wọn pákó ni mo gé mọ́ páìpù omi láti fi ṣe áńtẹ́nà. Òun ni mo fi ń gbọ́ AO-7, sátẹ́láìtì ọdún 1974 tó dákẹ́ ní 1981, tó tún jí ní 2002. Bátìrì rẹ̀ ti kú. Oòrùn nìkan ló fi ń ṣiṣẹ́. Bó ṣe ń kọjá lọ, tí ohùn rẹ̀ ń rẹlẹ̀ díẹ̀díẹ̀, inú mi á dùn dọ́ba.

Àwọn ọ̀dọ́ tí mò ń kọ́ kò fẹ́ gé irin. QO-100, sátẹ́láìtì mìíràn tí kì í kúrò lójú kan lójú ọ̀run, ni wọ́n ń gbọ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Mi ò bá wọn wí, torí ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń kọ láti fi gbọ́ ọ, ìdánwò gidi lòun náà. Ẹ jọ̀ọ́, ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú wọn?