Mo fi async sí ètò Python mi, kò sì yára, ẹ gbà mí o

Àbúrò Kánádà: Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin ọmọ Ifẹ̀ Oòyè. Mo kọ ètò kọ̀ǹpútà kan ní èdè Python fún àǹtí mi tó ń ta aṣọ ní Láagere, kó lè máa rí iye tí wọ́n ń ta aṣọ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Lìǹkì 400 ni, ọ̀kọ̀ọ̀kan ń gba bíi sẹ́kọ́ńdì kan, ó ń lò tó ìṣẹ́jú 7. Mo ti kọ async, tó ń jẹ́ kí ètò lè ṣe iṣẹ́ míì nígbà tó bá ń dúró, síwájú gbogbo def tó ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan nínú ètò náà, ibi tó wà náà ló ṣì wà.

Bọ̀dá Jámánì: Kí lo fi ń pe lìǹkì yẹn, ṣé requests, irinṣẹ́ Python tí wọ́n fi ń pe lìǹkì?

Àbúrò Kánádà: Requests ni sà, mo tún ń fi time.sleep dá a dúró láàárín.

Bọ̀dá Jámánì: Ibẹ̀ ló ti há. Async ò sọ ẹnì kan di méjì o. Ṣó o rántí àwọn màmá tó ń se oúnjẹ tà ní Mọ̀ọ̀rẹ̀, tí wọ́n bá gbé ẹ̀wà kaná wọn kì í dúró tì í, wọ́n á lọ gé àlùbọ́sà, wọ́n á lọ ata, tó bá hó wọ́n á padà wá bá a. Ibi tí wọ́n ti fi ẹ̀wà sílẹ̀ yẹn ni await. Requests àti time.sleep ò mọ await, wọ́n di event loop, ìyẹn ohun tó ń pín iṣẹ́ nínú ètò náà, mú ni, màmá dúró ti ìkòkò kan, gbogbo ààrò yòókù wá tutù. Lo httpx.AsyncClient dípò requests, kó o fi await asyncio.sleep rọ́pò time.sleep. Má sì máa await lìǹkì kọ̀ọ̀kan nínú for o, ìyẹn ṣì jẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan, kó gbogbo ẹ̀ jọ fún asyncio.gather, tó máa ń ṣe wọ́n pọ̀.

Àǹtí Ireland: Ẹ jọ̀ọ́ kó má rán 400 lẹ́ẹ̀kan náà! Mo ṣe é rí, 429, ìyẹn pé mo ti béèrè jù, ni wọ́n ń dá padà fún mi, wọ́n sì tìlẹ̀kùn mọ́ mi títí dọjọ́ kejì. Semaphore(10), tí kì í jẹ́ kó ju mẹ́wàá lọ lẹ́ẹ̀kan náà, ti tó.

Ọmọ Màyfair: Èmi wà nílé ní Ifẹ̀ níbí, nẹ́tíwọ́ọ̀kì wa máa ń já lójijì. Fi asyncio.timeout, tó ń dá èyí tó bá pẹ́ jù dúró, yí ìkọ̀ọ̀kan ká, Python 3.11 ló ti bẹ̀rẹ̀, tí tìẹ bá dàgbà jù bẹ́ẹ̀ lo wait_for. Fi return_exceptions=True sínú gather náà, kí ọ̀kan tó já má bàa ba ìyókù jẹ́.

Àbúrò Kánádà: Ẹ ṣeun gan-an! Sẹ́kọ́ńdì 44 ló fi parí, 3 péré ló já. Mo ti fi ránṣẹ́ sí àǹtí.