Káàdì abẹ́rẹ́ ọmọ oṣù 5 sọnù: ṣé a ó tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ni?

Ìyá Ìkókó, Ìjerò:
Ẹ kú àsìkò yìí o, ẹ̀yin ìyá wa. Èkó la bí ọmọ sí. Ó gba ti ọjọ́ ìbí àti ti ọ̀sẹ̀ 6 kí a tó kó wálé, káàdì wá bá ẹrù lọ. Ṣé wọn á tún gbogbo rẹ̀ gún ni? Àbúrò mi náà gbé ìkókó ọlọ́sẹ̀ 2 lọ gba BCG, abẹ́rẹ́ tó ń dènà ikọ́ fée, wọ́n ní kó padà wá. Àbí owó ni wọ́n ń fẹ́?

Bàbá Ìbejì, Adó:
Ẹ kàn sọ pé kò gba nǹkan kan rí. Ó tán.

Nọ́ọ̀sì, Ìkọ̀lé:
Bàbá Ìbejì, ẹ rọra o! Bí ẹ bá sọ bẹ́ẹ̀, Pẹ́ńtà kìíní, abẹ́rẹ́ ọ̀sẹ̀ 6 tó ń dènà àrùn márùn-ún, ni wọn á padà sí, ẹ̀kẹta á wá fi oṣù kan pẹ́ sí i.

Ìyá Ìkókó, ibi tí ọmọ dé la ti ń bá a lọ, bó ti wù kó pẹ́ tó. Pẹ́ńtà kejì àti PCV (abẹ́rẹ́ òtútù àyà) kejì ló kàn án, pẹ̀lú oògùn rọmọlápárọmọlẹ́sẹ̀ tí wọ́n ń kán sẹ́nu. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 4, ẹ gbé e padà fún ẹ̀kẹta. Á ti pé oṣù 6 nígbà yẹn, kí wọ́n fún un ní Fítámì A lọ́jọ́ kan náà. Ẹ pe ibi tó ti gbà á l'Ékòó, kí wọ́n ya fọ́tò ojú ìwé rẹ̀ nínú rẹ́jísítà. Ọjọ́ ìbí àti ọjọ́ abẹ́rẹ́ ni wọn á fi wá a. Bí wọn ò bá rí i, tí wọ́n sì tún kan gún, kò ní pa á lára.

Ti BCG, ọ̀fẹ́ ni. Ìyẹ̀fun ló wà nínú ìgò, ọmọ 20 ló ń tó. Bí a bá ti po omi rẹ̀ mọ́ ọn, wákàtí 6 péré ló ní, kódà lórí yìnyín. Èyí tó kù, dídànù ni. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń kó ìkókó jọ. Ṣùgbọ́n “ẹ padà wá” lásán kò dára, ó yẹ kí wọ́n dá ọjọ́ fún un. Kí ó béèrè ọjọ́ tí wọ́n ń ṣí BCG, kó sì tètè débẹ̀ láàárọ̀. Bí ojú abẹ́rẹ́ bá so bí eéwo lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kó má tẹ̀ ẹ́, kó má fi nǹkan kan sí i.

Ìyá Ìbejì, Ìkẹ́rẹ́:
Pẹ́ńtà máa ń mú ara gbóná o. Ẹ wo ara ìgò paracetamol dáadáa. Ti síróòpù, 120mg ló wà nínú 5ml. Ti dírọ́ọ̀pù, 100mg ló wà nínú 1ml. Ẹni tó bá fi ṣíbí 5ml wọn dírọ́ọ̀pù ti fún ìkókó ní 500mg, odindi hóró àgbàlagbà kan! Síróòpù 2.5ml tó fún olóṣù 5.

Ìyá Ìkókó, Ìjerò:
Háà, dírọ́ọ̀pù ló wà nílé. Itan tó bá le ńkọ́, ṣé kí n fi omi gbígbóná jó o?

Nọ́ọ̀sì, Ìkọ̀lé:
Rárá o, awọ ìkókó á bó. Aṣọ tútù ni kẹ́ ẹ fi lé e.