Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣiṣẹ́ epo lórí òkun rí, kí lojú yín rí?

Ẹ jẹ́ n fi tèmi ṣáájú. Kí n tó débẹ̀, èrò mi ni pé wọ́n á gbẹ́ kànga, epo á tú jáde, wọ́n á rọ ọ́ sínú ọkọ̀, ó parí. Àṣé mi ò mọ nǹkan kan! Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ni ọ̀gá mi kó ìgò kan lé mi lọ́wọ́ pé kí n lọ bu ohun tó ń bọ̀ látinú kànga wá. Mo rọra ṣí fáàfù kékeré yẹn, gáàsì ń ti epo, epo ń ti omi, ohun tó kún inú ìgò rí bí omi àgbàrá. Ọ̀gá ní kí n gbé e kalẹ̀ ká máa wò ó. Nígbà tó ṣe díẹ̀, omi lọ sísàlẹ̀, epo léfòó, epo ọ̀hún ò sì ju ìka méjì lọ, omi ni gbogbo ìyókù. Mo ní ọ̀gá, ṣé kànga omi la gbẹ́ ni? Ẹ̀rín pa á. Ó ní bí kànga bá ṣe ń dàgbà ni omi á máa pọ̀ sí i, pé ká yà wọ́n síra wọn gan-an niṣẹ́ wa.

Separator ni wọ́n fi ń yà á, àgbá irin gbọọrọ kan tó dùbúlẹ̀. Gáàsì á bọ́ sókè, omi á lọ sísàlẹ̀, epo á wà láàárín, ògiri kúkúrú kan wà nínú ẹ̀ tí epo á máa ṣàn gba orí ẹ̀ kọjá, omi ò ní lè gùn ún. Lára gáàsì yẹn la fi ń tan iná tá à ń lò, a tún ń rọ díẹ̀ padà sínú kànga kó lè sọ epo di fúyẹ́, torí kànga tó ti rẹ̀ ò lágbára àtigbé e wá fúnra ẹ̀ mọ́. Omi ńkọ́? Èèyàn ò kàn lè dà á sókun bẹ́ẹ̀ o, ní North Sea, òkun tó wà lápá ìlà oòrùn Britain, epo tó bá kù nínú lítà omi kan ò gbọ́dọ̀ ju 30 mìlígíráàmù lọ tí wọ́n bá ṣírò ẹ̀ lóṣooṣù.

*

Ẹ rí omi nínú ìgò, èmi, yìnyín ni mo bá pàdé nínú páìpù. Ibi tá a ti ń ṣiṣẹ́ jìn gan-an, ìsàlẹ̀ òkun níbẹ̀ tutù bí inú fíríìjì, bíi 4°C. Tí gáàsì àti omi bá fún pọ̀ nínú òtútù bẹ́ẹ̀ wọ́n máa ń dì, hydrate la ń pè é, kò sì dìgbà tí òtútù bá tó èyí tó ń sọ omi lásán di yìnyín. Ìdí nìyẹn tá a fi ń rọ methanol sí i, kẹ́míkà olómi tí kì í jẹ́ kó dì. Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí gbogbo iṣẹ́ dúró lójijì, páìpù ìsàlẹ̀ tutù, nígbà tá a wá fẹ́ tún un bẹ̀rẹ̀, methanol tá a fún un ò tó. Mò ń wojú kọ̀ǹpútà, pressure lápá kànga ń gòkè, tiwa ń já wálẹ̀. Ó ti dí. Èmi ọlọ́gbọ́n ní ká yáa tú gáàsì apá tiwa sílẹ̀ kó lè fà á wá. Ọ̀gá kígbe mọ́ mi! Ó ní tí mo bá tú apá kan tí agbára ṣì wà lẹ́yìn ẹ̀, ńṣe ló máa já bí ọta ìbọn, á fọ́ páìpù níbi tó bá ti yà. Apá méjèèjì la gbọ́dọ̀ jọ rọra tú. Ọjọ́ mẹ́fà gbáko, à ń làágùn lókè, yìnyín ló dí wa lọ́nà nísàlẹ̀.

*

Èmi ò tíì dé ìdí kànga kankan o. Ibi tí wọ́n ti ń kọ́ wa bá a ṣe ń jáde nínú hẹlikópítà tó já sómi ni mo ti fẹ́ sá padà sílé. Wọ́n dorí wa kodò sínú omi, wọ́n ní ká di fèrèsé mú ká tó tú bẹ́líìtì. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo kọ́kọ́ tú bẹ́líìtì. Ẹ má bi mí léèrè omi tí mo mu.

*

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ kórìíra pámíìtì, ìwé àṣẹ tá a máa ń gbà ká tó ṣiṣẹ́, èmi náà kórìíra ẹ̀ tẹ́lẹ̀, kó o tó tú bóòtù kan wàá ti fọwọ́ sí bébà bíi mẹ́ta. Ẹ ti gbọ́ ti Piper Alpha, ibùdó ìwapo orí òkun ní North Sea, ọjọ́ 6 oṣù Keje ọdún 1988. Wọ́n yọ fáàfù ààbò lára pọ́ńpù kan lójú ọ̀sán, wọ́n fi irin bo ojú ẹ̀ láì dè é le, àwọn tó gbaṣẹ́ lálẹ́ ò mọ̀, pọ́ńpù kejì kú, wọ́n bá sítáàtì èyí, gáàsì jò jáde, iná sọ. Èèyàn 167 ló bá a lọ.

Èmi gbaṣẹ́ lọ́wọ́ ẹnìkan ní aago méje alẹ́, ó ní kò sí wàhálà kankan. Bí aago méjì òru, pọ́ńpù tó ń gbé epo lọ bẹ̀rẹ̀ sí í dún bí ẹni tó ń lọ òkúta, ni mo bá ní kí n fi ìkejì ẹ̀ rọ́pò. Mo dé ìdí swíìṣì, àgádágodo pupa wà lára ẹ̀, káàdì wà níbẹ̀, àmì pé iṣẹ́ ṣì wà lára pọ́ńpù yẹn, kẹ́nikẹ́ni má tàn án. Mo tan tọ́ọ̀ṣì sára pọ́ńpù, ó ṣí sílẹ̀ gbayawu, mò ń wo inú ẹ̀. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Nígbà tí ẹsẹ̀ mi gbé mi, mo lọ kan ilẹ̀kùn yàrá ẹni tí mo gbaṣẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Ó ń nu ojú oorun, ó ní òun rò pé òun ti sọ fún mi.